Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Kúnlẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Ìyá Kálídì

Ìyá Àgbà mi máa ń kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe "háì" tí wọ́n ń sọ ní Ṣìkágò láìwo ojú ẹni. Á dúró lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, á fi ọwọ́ kan di irin mú, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú yìnyín á máa mí kanlẹ̀. Èmi á máa rọra tì í lẹ́yìn, ojú á sì máa tì mí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

"Àṣàkẹ́, ṣé kò rí ojú mi ni?"

Ó ti lọ báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló lọ, lẹ́yìn tó ti mu ògì tán, tó sì ti bú irin tó ń mú ilé wa gbóná tán, nítorí irin náà máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, Ìyá Àgbà sì gbà pé òun ló ń bá wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì ni, mi ò tíì ríṣẹ́, nítorí náà àyè wà fún mi láti jókòó máa ronú, èyí tí kì í ṣe ire fún irú mi. Mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nínú ohun tí mo kọ kò jọ ọ́ rárá, ó jókòó jẹ́ẹ́ jù. Inú mi bàjẹ́, mo fẹ́ sọ èyí kedere kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ní kí n sunkún rẹ̀, ẹ̀rín ló ń dé. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo sì ti gbà pé kì í ṣe pé mi ò mọ ẹ̀dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á.

Ọmọ Ọ̀ffà ni. Kùmásí, ní Gánà, ló ti ta aṣọ, tó ti bí màmá mi àti Bùọ̀dá Ràfíù, kí ìjọba ibẹ̀ tó pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí màmá mi di nọ́ọ̀sì ní Ṣìkágò, ó ránṣẹ́ pè é pé kó wá gbé pẹ̀lú wa. Ó dé tòun ti ìró mẹ́ta tó wọ̀ léra wọn, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí obìnrin àgbà kan ní ilé tó kángun sí tiwa tó ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde láìwọ bàtà gidi láti lọ kí i kú iṣẹ́.

Bí òun àti Ìyá Kálídì ṣe pàdé nìyẹn. Ará Palẹsítínì ni obìnrin náà. Orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é ni wọ́n fi ń sọ pé ìyá Kálídì ni, nítorí Kálídì ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Áà, àwọn náà ń fi ọmọ pe ìyá! Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ fún mi?" Bí ẹni pé a ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un.

Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ìwọ̀nba Lárúbáwá tí Ìyá Àgbà ní kò ju ti ilé kéwú àti ti orí ìrun lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ìyẹn béèrè iyọ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń jókòó nínú ilé ìdáná wa tàbí tiwọn, tí ọ̀kan á máa sọ Yorùbá, tí èkejì á máa sọ Lárúbáwá, tí àwọn méjèèjì á sì máa kanrí sí i. Ìyá Kálídì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé èso àjàrà wé ìrẹsì, Ìyá Àgbà sì ń pe oúnjẹ náà ní mọ́ínmọ́ín aláìlẹ́wà. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí n máa jókòó tì wọ́n kí n máa túmọ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ pàtàkì lè máa sọ nù láàárín wọn. Ó ní kí n lọ wá nǹkan ṣe. "A ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le."

Ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Kálídì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá. Kọ́kọ́rọ́ ńlá ni, ó ti dípẹtà, ti ilé wọn ní abúlé kan nítòsí òkun. Wọ́n sá kúrò níbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀, ìjọba tuntun náà ò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Ẹ̀bá Rámálà ni wọ́n sá lọ, nígbà tó sì yá, àwọn ológun Ísírẹ́lì gba ibẹ̀ náà, wọn ò tíì kúrò títí di òní. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣì ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ ìbọn. Kálídì ló túmọ̀ gbogbo èyí fún wa. Ìyá Àgbà gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó gbé e wò lọ́wọ́. Mo bi í pé ti Kùmásí dà. Ó ní òun ò tilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n lé wọn. Ẹ̀wà wà lórí iná, ó fi ilé sílẹ̀ gbayawu fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀. Mo ní, "Kí ló dé, Ìyá Àgbà?" Ohun tó sọ ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń ṣe nǹkan mìíràn sí mi láyà tí mi ò lórúkọ fún.

"Tí mo bá tì í, wọ́n á fọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ò ṣẹ̀ wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ̀rọ̀ Palẹsítínì di tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Gásà àti ti Rámálà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sójú pópó láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, iwájú tẹlifíṣàn ni Ìyá Àgbà máa ń jẹun alẹ́. Ó ń bá a jà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bá irin jà. Tó bá rí ọmọkùnrin kan tó ń ju òkò, á ní, "Ìwọ, ìyá ẹ dà? Padà sílé, wọ́n á yìnbọn fún ẹ!" Tí wọ́n bá wá fi ológun hàn, tí ìbọn gùn jù ú lọ díẹ̀, á sún mọ́ tẹlifíṣàn, á nàka sí i. Mo máa ń rò pé ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lépè ni.

"Ìwọ náà, ìyá ẹ dà? Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

Ọjọ́ Sátidé, a máa ń lọ dúró pẹ̀lú páálí tí a kọ̀wé sí, ní igun kan láàárín ìlú. Àwa kì í pọ̀: àwọn ará Palẹsítínì, àlùfáà ìjọ kan, tíṣà kan tó jẹ́ Júù láti Oak Park tó máa ń sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, àwa Yorùbá bíi mélòó kan láti mọ́ṣáláṣí. Ní òdìkejì títì, àwọn tí wọn ò gba tiwa náà ń dúró. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá arúgbó tó máa ń fi ohùn tó há pariwo mọ́ wa. Lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn odò ń gé etí èèyàn, Ìyá Àgbà bu tíì sínú kọ́ọ̀pù, ó ní kí n gbé e lọ fún bàbá náà. Mo ní bàbá yẹn ò fẹ́ràn wa. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì pẹ́ díẹ̀, gbogbo ohun tí bàbá náà lè rò, tí àwọn tiwa náà lè rò, tí èmi fúnra mi á rò tí mo bá dé àárín títì.

"Ṣé o ti ṣe tán? Tíì ń tutù."

Bàbá náà gbà á. Ó mu ún. Ó tún padà sí ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti máa ń juwọ́ sí Ìyá Àgbà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù tèmi ni àwọn tó ń ya fọ́tò. Mi ò tíì gba ìwé ọmọ ìlú. Mo máa ń rò pé ẹnìkan wà ní ọ́fíìsì kan tó ń to ojú wa sára ògiri, pé tí mo bá wáṣẹ́ lọ́la, wọ́n á fa fọ́tò mi yọ láti inú dúrọ́ọ̀. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà pẹ̀lú omijé díẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún aṣọ ọrùn mi dì, ó fà mí sún mọ́ra.

"Tí wọ́n bá máa yà ọ́, rẹ́rìn-ín. Kí ó lè dáa."

Àmọ́ ohun kan wà tí tíì ò lè parí, ìjà àwọn ọmọ Ìyá Kálídì ni. Kálídì ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà ní igun àdúgbò wa. Àbúrò rẹ̀, Násírì, ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń wa takisí. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí ìyà èèyàn wọn tán. Ibi tí ó yẹ kó parí sí ni wọ́n ń jà lé lórí, ìjà náà sì ti le débi pé wọn kì í jẹun pọ̀ mọ́ nílé ìyá wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jẹ, á lọ, kí èkejì tó wọlé. Ìyá wọn á gbọ́únjẹ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ń rí i láti ojú fèrèsé, kò sì fara mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọ́de ńlá tí a fẹ́ ṣe nítorí Palẹsítínì, a ṣèpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àlùfáà yẹn. Òórùn kọfí àná kún ibẹ̀. Aṣọ funfun gbọọrọ kan wà lórí tábìlì, òun ni wọ́n máa gbé ṣíwájú ìwọ́de, wọn ò sì tíì kọ nǹkan kan sí i. Ìyá Kálídì ló máa sọ̀rọ̀ ní òpin ìrìn, nítorí pé òun nìkan ni nínú wa tó fi ojú ara rẹ̀ rí abúlé tí wọ́n lé wọn kúrò.

Kálídì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kí àwọn ológun kúrò.

"Násírì, ta ló wà níbẹ̀ báyìí? Àǹtí wa. Tó bá fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, àfi kí ọmọ ológun kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n gbà fún un. Kí wọ́n kọ́kọ́ kúrò. Kí a ní ìjọba tiwa níbẹ̀, kí Ísírẹ́lì náà máa wà nínú tiwọn. Ohun tí ọwọ́ wa lè tó nìyẹn."

"Kálídì, abúlé Màmá ńkọ́?" Násírì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ ṣán báyìí, Ìyá Àgbà sì ṣe "hẹn" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé ìyẹn kì í ṣe ilé? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a fẹ́ padà sílé. Ìwọ ti ń ta ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá dúnàá-dúrà."

"Èmi? Èmi tí mò ń ta tòmátì láti fi rán ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́?"

"Tòmátì tó ti rọ̀!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kálídì ò rẹ́rìn-ín. Násírì gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun á ní aṣọ tiwọn, òdìkejì títì ni àwọn á gbà. Ìgbà náà ni ìyá wọn dìde. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Àlùfáà bi ẹnìkan pé kí ló wí, ẹni náà sì túmọ̀ rẹ̀: tí àwọn ọmọ òun méjèèjì ò bá jọ rìn, òun ò ní lọ, òun ò sì ní sọ nǹkan kan, ilé ni òun máa jókòó sí.

"Kí ló ní?" Ìyá Àgbà bi mí. Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó rìn lọ síwájú àwọn ọmọkùnrin méjì náà, ó sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ ọ́n. Kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀! Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa dúró wò ó. Ẹjọ́ ti tán nìyẹn, ohun tó bá béèrè ni wọ́n á ṣe. Màmá mi figbe ta: "Yéè! Màámi, ẹ dìde o, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Bùọ̀dá Ràfíù, àbúrò màmá mi, tó wọkọ̀ wá láti Matteson tòun ti kóòtù ọ́fíìsì, ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

Àmọ́ àwọn ará Palẹsítínì ò mọ èyí. Lójú tiwọn, èèyàn méjì ti ṣubú lulẹ̀ nínú ìpàdé. Ẹnìkan sáré lọ pe áńbúláǹsì. Ẹnìkan gbé omi wá. Dókítà kan kúnlẹ̀ ti Bùọ̀dá Ràfíù, ó ń ṣí kọ́là ọrùn rẹ̀.

"Nǹkan kan ò ṣe mí o! Mò ń bẹ̀bẹ̀ ni!"

"Ẹ dákẹ́, sà, ẹ rọra máa mí."

"Àṣàkẹ́," Ìyá Àgbà pè mí, "sọ fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé láti ìpìlẹ̀: ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa, ta ló ń kúnlẹ̀ fún ta, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún, bó ṣe ń rí lára tèmi ní ìṣẹ́jú náà. Mi ò tíì dé ìdajì.

"Kí lò ń sọ tó gùn tó báyìí? Sọ fún wọn pé orúnkún ń ro mí."

Mo ní, "Orúnkún ń ro ó. Kò ní dìde àfi tí ẹ bá jọ rìn."

Kálídì di apá rẹ̀ ọ̀tún mú, Násírì di ti òsì, wọ́n fà á. Ìyá Àgbà kúrú, ó sì sanra. Ó wá sọ ara rẹ̀ di àpò sìmẹ́ńtì. Kò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja. Násírì, gbé e, kí lò ń ṣe?"

"Èmi ń gbé e, ìwọ lò ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

"Sókè ni mò ń fà á sí!"

"O ò mọ òkè!"

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé èjìká rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì gbé àwọn méjèèjì, ni Ìyá Kálídì náà bá fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Kálídì jókòó sórí ilẹ̀. Ó ní ó dáa, ó dáa, wọ́n á kọ gbólóhùn méjèèjì sí aṣọ kan náà, òun á di orí kan mú, kí aláìgbọràn yìí di èkejì. Násírì wo orúnkún Ìyá Àgbà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má rò pé òun ti yí èrò òun padà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò wa wá mọ̀ nígbà tó yá:

"Mi ò ní kí ẹ má jà. Mo ní kí ẹ jọ rìn. Ẹ lè máa jà lọ lójú ọ̀nà."

Nígbà tí àsìkò àtidìde wá tó, kò lè dìde mọ́ lóòótọ́. Orúnkún ti kọ̀. Àga ni wọ́n fi gbé e, ibi tí wọ́n ti ń gbé e ni àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ti já wọlé, tí wọ́n ń béèrè àwọn méjì tó ṣubú. Ìyá Àgbà kí wọn láti orí àga bí ẹni tó ń gbàlejò. "Ẹ kú eré o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jókòó, oúnjẹ wà." Wọ́n sì jẹ mọ́ínmọ́ín aláìlẹ́wà kí wọ́n tó lọ.

Orúnkún náà wú, nítorí náà orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ṣe ìwọ́de. Èmi ni mò ń tì í. Kálídì àti Násírì ló gbé aṣọ náà níwájú wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì ń jà. Wọ́n jà kọjá ilé ìfowópamọ́, wọ́n jà lórí afárá, ọ̀kan á sọ ọ̀rọ̀, aṣọ á tẹ̀, èkejì á fà á le. Àwọn èèyàn lẹ́bàá títì rò pé ara ètò ni. Ní òpin ìrìn, Ìyá Kálídì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sókè, ó sì dárúkọ àwọn igi tó wà nínú àgbàlá wọn ní abúlé, lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pọ̀tọ́, ólífì, ọsàn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan ya fọ́tò wa. Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní parọ́ pé ìjà wọn bùṣe níbẹ̀. Kó tó di òpin ọdún náà, àwọn aṣáájú Palẹsítínì lókè òkun kéde pé àwọn gba kí orílẹ̀-èdè tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ísírẹ́lì. Kálídì pín suwíìtì fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Násírì ò wọ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ìyá wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́únjẹ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ní sùúrù fún òun, orúnkún òun ò tíì san. Kò sì san kó tó lọ.

Nígbà tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ nínú pálọ̀ wa, àwọn méjèèjì wá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kálídì jókòó lẹ́bàá fèrèsé, Násírì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, pálọ̀ wa ò sì tóbi. Ó le kí èèyàn tó lè jìnnà síra níbẹ̀. Ààfáà ṣàdúrà tán. Mò ń wò wọ́n, mò ń rò pé ẹni tó lè ṣe é ti lọ, pé bí èmi bá kúnlẹ̀, ìkí lásán ni yóò jẹ́ nítorí ọjọ́ orí mi. Mo ṣì wà lórí ìyẹn nígbà tí Ìyá Kálídì bọ́ bàtà rẹ̀.

Ó di apá àga mú. Ó tẹ orúnkún kan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wọ omi tútù.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kígbe "Màmá!" lédè wọn, wọ́n gbá a mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí orúnkún náà tó kan kápẹ́ẹ̀tì. Bùọ̀dá Ràfíù ti ń wá ibi tó máa dọ̀bálẹ̀ sí. Màmá mi fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, mo rò pé òun náà ò mọ̀. Ìyá Kálídì tún jókòó. Ó wò mí, ó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló sọ Yorùbá tí Ìyá Àgbà ti kọ́ ọ nínú ilé ìdáná láìjẹ́ kí n túmọ̀:

"Ẹ jọ rìn."

Tábìlì gígùn tí a yá lọ́wọ́ Kálídì ní láti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kálídì di orí kan mú. Násírì dúró díẹ̀, ó di èkejì mú. Wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń lọ.

"Gbé tìẹ sókè."

"Mo gbé e sókè!"

"O ò mọ òkè!"

Mo ṣí fèrèsé láti máa gbọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè ju tábìlì náà sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ń jà lọ, títí wọ́n fi yà ní igun.